Àyà Gbọ́dọ̀ Kan Ilẹ̀

Ẹ̀yìn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ọkùnrin mìíràn, kì í ṣe owó orí, kì í sì í ṣe pé ọmọbìnrin náà kò fẹ́ mi. Ẹ̀yìn tèmi tí Ọlọ́run dá mọ́ mi ni. Títí dòní, bí ẹ̀yìn bá ń dun ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ mi, tí ẹ̀rù sì ń bà á láti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ọwọ́ to eegun fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi ni wọ́n máa ń wá bi pé kí ni àwọn máa bá níbẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, torí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, n kò sì lè sọ ọ́ láì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Sabon Gari, ní Kánò, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Bàbá mi ti kú, ìyá mi tó ń ránṣọ nílé ló tọ́ mi, mo sì ń bá àbúrò bàbá mi ta aṣọ ní ọjà Kantin Kwari. Ẹni tó bá ń wo iṣẹ́ aṣọ títà lókèèrè á rò pé kí á máa tú aṣọ, kí á sì máa ká a padà ni gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni. Ní ìdì ńláńlá ni aṣọ máa ń dé, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ dè é pinpin. Àwọn aláàárù ló ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Láti ẹnu ọ̀nà dé inú ṣọ́ọ̀bù, ó di tiwa.

Lọ́jọ́ kan, àwọn aláàárù ti lọ kírun, oníbàárà kan sì dúró tó ń wò mí. Mo fẹ́ fi agbára hàn. Mo tẹ̀, mo gbé odidi ìdì aṣọ kan, nǹkan kan sì já nísàlẹ̀ ẹ̀yìn mi bí ìgbà tí okùn bá já. Mo gbé ẹrù náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Láti ọjọ́ náà lọ, n kò lè na ẹ̀yìn mi tán, n kò sì lè tẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi kò tilẹ̀ ṣubú, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni mo ń wò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Ìyá mi fi ìpara tó ń ta bí ata ra á fún mi. Ó fi omi gbígbóná jó o. Ó gbàdúrà sí i. Ní ọsibítù wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní kí n sinmi, mo sì sinmi dáadáa. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀, ara tù mí. Bí mo bá dìde, á tún bẹ̀rẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá gbóná. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi àti ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ti pàdé, ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Bàbá rẹ̀ nìkan ló kù. Ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Gáàdì ni, ẹni tó máa ń ju àsíá kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra. Ó máa ń dúró ṣánṣán bí òpó wáyà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Láàárọ̀ gbogbo Ọjọ́bọ̀, á wọ bàtà dúdú tó ń dán, á dé àkẹtẹ̀, á ká ìwé ìròyìn sí abíyá, á ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè, ní Airport Road. Bí ẹ bá gbàgbé ọjọ́ tí a wà ní Sabon Gari, ẹ sáà wo òpópónà, bí ẹ bá ti rí i tó ń lọ, Ọjọ́bọ̀ ni.

Ohun kan ló máa ń bí i nínú, àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Kánò. Ó ní a gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n a kò lè fọ̀ ọ́, pé a máa ń kí àgbà bí ẹni ń kí oníbàárà. N kò lè bá a jiyàn. Bí a bá rí àgbà lọ́nà, a óò lóṣòó díẹ̀, a óò kí i lédè Hausa, "Ina kwana, Baba," a óò sì máa bá tiwa lọ. Ìyá mi kọ́ mi ní ìdọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọdún nìkan ni mo máa ń lò ó, bí aṣọ tuntun.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, ọmọ náà mú mi lọ kí i. Bàbá gáàdì jókòó sí ìloro, ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo ti pinnu pé n ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo tẹ̀ dé ìdajì, ẹ̀yìn mi sì kọ̀. N kò lè lọ sísàlẹ̀ mọ́, n kò sì lè padà sókè. Mo fi ọwọ́ kan di ògiri mú, mo wo ilẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, sà."

Ó wò mí. Ó wo ilẹ̀ tí mo ń wò.

"Kí ló sọnù?"

"Kò sí nǹkan tó sọnù, sà."

"Mo rò pé kọ́bọ̀ lò ń wá ni." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o rí ohun tí mò ń wí? Ọmọ Kánò. Wọn ò kọ́ ọ nílé." Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí mi. "Sọ fún àwọn ẹbí rẹ pé kí wọ́n máa bọ̀, mi ò lé wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá wá tọrọ, bí àyà rẹ ò bá kan ilẹ̀, kí ẹ gbé ẹrù yín, kí ẹ máa lọ."

Ọmọ náà sìn mí dé ojú títì. Inú ń bí i, bí inú bá sì ti ń bí i, gbogbo èdè Sabon Gari ló ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kai! Kí ló ṣe ọ́? Bàbá no dey play with prostrate o. Wallahi, á lé yín!"

"Ẹ̀yìn mi ni."

"Then tell am now!"

"Kí n sọ fún un pé ẹ̀yìn mi ti kú? Ìwọ náà rò ó wò. Ta ló máa fi ọmọ fún ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti kú?"

Ó rò ó. Ó rí i pé òótọ́ ni. "Gaskiya ne," ó ní. "Má sọ fún un."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Bí n kò bá dọ̀bálẹ̀, n kò níyàwó. Bí mo bá sì sọ ìdí tí n kò fi lè dọ̀bálẹ̀, n kò níyàwó náà ni.

Ìyá mi ló wá rántí bàbá àgbàlagbà kan ní Fagge, ọmọ Hausa, tó ń to eegun. Madori ni àwọn Hausa ń pe irú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ìyá mi ń ránṣọ fún ló ní ó wo apá ọkọ òun sàn. Mo kọ̀. Ní ọjà, gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló ní ìtàn tiẹ̀ láti fi dẹ́rù bà mí. Ẹnì kan ní madori máa ń fi orúnkún lé ènìyàn lọ́rùn. Ẹlòmíràn ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹ́ èyí tó dára kó tó lè to èyí tó bàjẹ́. Àbúrò bàbá mi, tí kì í purọ́ nínú ọ̀rọ̀ aṣọ, ní wọ́n máa ń da ojú èèyàn délẹ̀, wọ́n á wá pe ọkùnrin kan tó sanra kó máa rìn lórí rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ẹnì kan tó lọ. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó tíì débẹ̀ rí.

Ohun tó mú mi gbà nígbẹ̀yìn ni pé ọjọ́ ìtọrọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àti pé Fagge ni, kì í ṣe Sabon Gari. Kò sí ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó máa wà ní Fagge láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó máa rí mi. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi, mo fa fìlà wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, mo sì ń lọ ní títẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́bọ̀ lóòótọ́.

Kò sí pátákó níbẹ̀. Ògiri alámọ̀ ni mo rí, àti igi dóńgóyárò ńlá kan, àti àtíbàbà tí wọ́n fi koríko bò. Ènìyàn bíi mélòó kan jókòó ti ògiri, wọ́n ń dúró de ààyè. Bàtà tò sí ẹnu àtíbàbà, torí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé. Láàárín àwọn sálúbàtà eléruku wọ̀nyẹn, mo rí bàtà dúdú kan tó ń dán, tí wọ́n ki ìwé ìròyìn bọ inú ọ̀kan. Mo ní nínú mi pé irú ìyà tó ń jẹ mí yìí ń jẹ alákọ̀wé náà. N kò ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí mi kò sí nílé lọ́jọ́ náà.

Ẹní méjì ni wọ́n tẹ́ sórí iyanrìn. Lórí ọ̀kan, ọkùnrin kan da ojú délẹ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ gbígbóná sí i lẹ́yìn, ó ń yọ èéfín díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo orí rẹ̀ nítorí eṣinṣin. Kò mira. Mo wò ó bóyá ó ṣì ń mí.

Madori jókòó sórí awọ àgùntàn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti hewú, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló tóbi lára rẹ̀. Mo ti ń wá ibi tí wọ́n fi ọkùnrin sísanra náà pamọ́ sí. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní Kánò, láìkánjú: báwo ni ọ̀nà, iṣẹ́ ńkọ́, ará ilé ńkọ́. Mo sì ń dáhùn, "Lafiya lau, lafiya lau." Ẹ̀yìn ń pa mí kú lọ, mo ń ní àlàáfíà ni, àlàáfíà ni. A kì í ka àìsàn fún ẹni tó ń kí ni.

Mo rò pé lẹ́yìn ìkíni, yóò gbá mi mú. Kò fọwọ́ kàn mí. Ìbéèrè ló ń bi mí. Irú ẹrù wo ni mò ń gbé? Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ni mò ń sùn ni tàbí orí ẹní? Ṣé mo ti já lórí igi rí ní kékeré? Ṣé ẹsẹ̀ mi máa ń kú bí mo bá jókòó pẹ́? Lẹ́yìn náà ó ní kí n rìn lọ sídìí dóńgóyárò kí n sì padà wá. Mo lọ, mo bọ̀. Ó ní kí n tún un lọ. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Nígbà tó wá fọwọ́ kàn mí, àtàǹpàkò rẹ̀ kan péré ló fi ń tọ eegun ẹ̀yìn mi wá sísàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù sínú aṣọ. Ó dé ibì kan, mo fò. Ó ní, "To," bí ẹni tó rí ohun tó ń wá.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí n kò retí. "Kí lo fẹ́ fi ẹ̀yìn náà ṣe?"

Mo ní kí ni ènìyàn ń fi ẹ̀yìn ṣe? Ó ní ó yàtọ̀ síra. Ẹni tó fẹ́ gun ẹṣin, ọ̀tọ̀ ni bí òun ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa kọ ebè, ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ mọ̀ pé ara mi ti balẹ̀ nígbà náà. Ẹnikẹ́ni kò fi orúnkún lé mi lọ́rùn. Kò sì sí ọmọ Yorùbá kankan nítòsí. Mo bá tú ẹnu sílẹ̀. Mo sọ fún madori lédè Hausa pé bàbá kan wà ní Sabon Gari tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ṣùgbọ́n tó ṣì rò pé ọkọ̀ ojú irin ni gbogbo ayé, pé bí òun ò bá tíì ju àsíá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbéra. Mo ní ó ní ọmọ kan tó dára, ó sì ti búra pé bí àyà mi ò bá kan ilẹ̀ níwájú òun, n kò ní fẹ́ ẹ. Àwọn tó jókòó ti ògiri ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn sì ń gùn mí. Mo dìde, mo gbìyànjú láti rìn bí i tirẹ̀. Mo ní bó ṣe máa ń rìn nìyí, bí ẹni tó gbé òpó wáyà mì.

Madori rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Aṣọ tó wà lórí ọkùnrin orí ẹní náà ń mì. Mo rò pé ẹ̀rín ni òun náà ń rín.

Madori kọjú sí i. "Ka ji?" ó ní. Ṣé o gbọ́?

"Mo gbọ́," ni ohùn kan dáhùn lábẹ́ aṣọ, ní Yorùbá. Ọwọ́ kan sì ká aṣọ náà kúrò. "Òpó wáyà ni mo gbé mì?"

Bàtà dúdú, ìwé ìròyìn, Ọjọ́bọ̀, Airport Road, gbogbo rẹ̀ ló wọlé sí mi lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ìyàwó mi ló wà nílẹ̀ yìí, kò wọ ẹ̀wù, èmi sì dúró lé e lórí, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá yóò ní kí ló tún kù ju kí n tọrọ àforíjì, tàbí kí n sá. Èmi kò ronú kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí mo rò ni pé a kì í wà lókè kí á máa kí àgbà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń kí àgbà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù ú lọ. Báwo ni èèyàn ṣe ń rẹlẹ̀ ju ẹni tó ti da ojú délẹ̀ lọ? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. N kò rántí ẹ̀yìn. Mo wó lulẹ̀ gbàà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyà, ikùn, iwájú orí, gbogbo rẹ̀ kan iyanrìn.

"Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ jọ̀ọ́, sà! Ẹ má bínú, sà!"

Ẹ̀yìn mi dún pá.

Àwọn tó jókòó ti ògiri dìde, wọ́n rò pé mo ti kú. Bàbá gáàdì kò rò bẹ́ẹ̀. Ó yí orí sí mi. Ojú wa kọ ara wọn lórí ilẹ̀.

"Dìde."

"Mi ò lè dìde, sà."

"Ìwọ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó wá kí yín lọ́jọ́ ìsinmi yẹn, sà. Ìdì aṣọ ni mo gbé."

"Òun lo ṣe di ògiri mi mú?"

"Òun ni, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo rò pé ẹ máa ní ẹ̀yìn mi ti kú, sà."

N kò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà, bóyá torí pé ilẹ̀ kan náà la jọ wà. Mo tún ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yìn pátápátá ni gáàdì ń gbé nínú ọkọ̀ ojú irin," ó ní. "Ibẹ̀ ló ń jó jù. Gbogbo bí ọkọ̀ ṣe ń jó láti Èkó dé Kánò, inú eegun mi ló ń bọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní kí Bàbá máa jókòó. Wọn ò ní jẹ́ kí n gbé àwo ọrẹ mọ́. Wọ́n á máa dì mí lápá mú bí aláìsàn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dì mí lápá mú."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójijì. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, a kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Madori ní kí á dákẹ́, kí òun lè ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé mi sórí ẹní kejì. Ó fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi ewé gbígbóná tẹ́ mi lẹ́yìn títí ẹran ara mi fi rọ̀. Ó fi òrí pa á, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó yí mi dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ mi kan sọdá èkejì, ó gbé ọwọ́ kan lé èjìká mi, èkejì lé ìbàdí. Mo mọ̀ pé ó ti dé. Mo mú gbogbo ara le bí igi. Ó wá bi mí, bí ẹni tó kàn rántí, pé èló ni wọ́n ń ta aṣọ ṣáàdà ní Kantin Kwari báyìí. Ẹ bi ẹni tó ń ta aṣọ léèrè iye aṣọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé e lọ sí sàréè, á kọ́kọ́ dá yín lóhùn. Mo ya ẹnu, ara mi dẹ̀, ó sì fà á. Mo gbọ́ ìró kan, lẹ́yìn náà ni ooru kan sọ̀ kalẹ̀ láti ìbàdí mi dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"O ò tíì dá mi lóhùn," madori ní.

N kò fò sókè bí ọmọ ewúrẹ́ o. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo sì rí ewé orí dóńgóyárò, tí n kò rí nígbà tí mo ń bọ̀ torí ilẹ̀ ni mò ń wò. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ọkùnrin náà. Ó ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀ mìíràn, kí n jìnnà sí ìdì aṣọ. Ní ti ìdọ̀bálẹ̀, ó ní wíwó tí mo wó yẹn, ìwà wèrè ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá rọra ṣe é, kí àtẹ́lẹwọ́ kọ́kọ́ kanlẹ̀, lẹ́yìn náà orúnkún, lẹ́yìn náà àyà, kí n sì gba ọ̀nà kan náà padà sókè, kò sí ohun tó dára fún ẹ̀yìn tó o. Ó ní kí n máa ṣe é láràárọ̀.

Bàbá gáàdì ti wọ ẹ̀wù. A jọ dé ibi tí bàtà wà. Bàtà wà nílẹ̀, àwa méjèèjì dúró, a ń wò ó. Mo fi ọwọ́ di òpó àtíbàbà mú, mo kúnlẹ̀, mo sì wọ tirẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ó gba ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ká a sí abíyá, ó na ara rẹ̀ ṣánṣán.

"Airport Road ni mo lọ," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó gba ọ̀nà tirẹ̀, mo gba tèmi.

Láti ọjọ́ kejì, ìyá mi ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún láràárọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi mí pé kí ni mo bà jẹ́. Nígbà tó yá, ó wá mọ́ ọn lára. Á gbé tíì rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á jókòó, á máa retí mi. Ìyá Ìgbò tó ń gbé yàrá kejì máa ń ní, "Mama, dis your pikin get respect o!" Ìyá mi á sì ní bí òun ṣe tọ́ ọ nìyẹn. N kò bá a jiyàn.

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Àgbàlá bàbá gáàdì kún fún ènìyàn, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti wọkọ̀ ojú irin wá láti ilé nílẹ̀ Yorùbá. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga onígi ńlá, ó le ṣánṣán. Ọmọ náà ń yọjú lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń jẹ èékánná. Ẹ̀gbọ́n bàbá gáàdì obìnrin ló ń darí ètò. Ó ní kí ọkọ ìyàwó jáde wá, kó wá kí bàbá bí wọ́n ṣe ń kí bàbá. Gbogbo ènìyàn na ọrùn, torí gbogbo Sabon Gari ló ti gbọ́ ohun tó sọ nípa àyà mi.

Mo jáde. Bàbá gáàdì gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ tó fi máa ń ju àsíá.

"Ó tó," ó ní. "Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Ariwo sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ó ti dọ̀bálẹ̀? Níbo? Nígbà wo?"

"Mo ní ó ti dọ̀bálẹ̀ fún mi. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Mo wà níbẹ̀."

Ẹ̀yìn mi ló ń rò. Níwájú gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ń jẹ ọ̀rọ̀ tó ti sọ, kí n má bàa há sí ìdajì kí ojú sì tì mí. Omi lé sí mi lójú. Ṣùgbọ́n ara mi ti yá, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ó gba ọmọ Kánò láìkíni. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀, mo fi orúnkún tẹ̀ lé e, mo tẹ́ àyà mi sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Kò dùn mí rárá. Mo gbọ́ tí ìyá mi ṣe hẹ̀n-ẹ́n lẹ́yìn mi.

Ó wá ku kí bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí, kó gbàdúrà, kó ní kí n dìde. Mo ń dúró de ọwọ́ náà. N kò rí i. Mo fi ojú kan wòkè. Bàbá gáàdì ti tẹ̀ láti orí àga dé ìdajì, ó sì há síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, òógùn ń sọ̀ ní iwájú orí rẹ̀. Bí mo ṣe há lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ lọ́jọ́sí gan-an lòun náà ṣe há. Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn, wọ́n rò pé ó ń rò ó bóyá kó gbà mí ni tàbí kó kọ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń dìde bọ̀ wá di apá rẹ̀ mú.

Mo dìde sórí orúnkún, mo wọ́ lọ síwájú, mo sì gbé orí mi lọ bá ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà jókòó. Bàbá gáàdì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, gbogbo ènìyàn sì ń ṣe àmín. Ó ní a óò bí, a óò tọ́. Ó ní a óò dàgbà darúgbó. Láàárín àmín kan sí èkejì, ó ní, "Ọjọ́bọ̀," ohùn rẹ̀ kò sì ju etí mi lọ. Mo ní, "A jọ ń lọ ni, sà." Ọwọ́ rẹ̀ wá ń wúwo sí i lórí mi, mo mú ọrùn le, ó sì fi orí mi ti ara rẹ̀ padà sókè díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn sì rò pé àdúrà ló gùn.